Bí mo ṣe fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ se ọṣẹ, tí mo sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà

Oníbọ̀lì tí mo lọ bá nítòsí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn kọ́kọ́ bi mí pé, "Ewúrẹ́ mélòó lo ní?" Mo ní, "Ẹ̀yin màmá, ọṣẹ ni mo fẹ́ fi ṣe." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà máa ń sè é, àmọ́ èèpo kòkó ni tiwọn. Ló bá bá mi di èèpo àgbagbà sínú àpò.

Mo sá a sóòrùn títí ó fi ń ṣẹ́ pákápáká lọ́wọ́. Èyí tí kò bá gbẹ, èéfín ni yóò máa rú, igi tí yóò jẹ á sì pọ̀. Mo jó o nínú àgbá irin, mo tún dá eérú náà padà síná títí ó fi funfun. Dúdú inú eérú, èédú lásán ni. Pọtásíọ́mù kábọ́nétì, ohun inú eérú tó ń sọ òróró di ọṣẹ, là ń wá; inú pọtásíọ́mù tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti fà nínú ilẹ̀ ló ti wá.

Mo lu ihò wẹẹrẹ sídìí ike, mo tẹ́ aṣọ sí i, mo da eérú lé e, mo wá ń da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò: bó bá ti ta wọ́n, ó ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹyin tútù ni mo sọ sí i, ó sì rì: omi náà kò tíì lágbára tó. Mo sè é kó fá, mo jẹ́ kó tutù, mo tún sọ ẹyin sí i. Ó léfòó, orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀: ó ti tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má sì lo ìkòkò alumíníọ́mù, nítorí omi eérú a máa jẹ ẹ́, gáàsì haidirójìn á sì máa tú jáde.

Mo gbé àdín kaná nínú ìkòkò irin, mo ń da omi eérú sí i, mo ń rò ó. Ó pẹ́ o! Pọtásíọ́mù kábọ́nétì kì í yára mú òróró bíi kọ́sítíìkì sódà. Nígbà tó ki tán, ó rọ̀, torí ọṣẹ pọtásíọ́mù kì í le bíi ti sódà, àmọ́ ó ń hó dáadáa. Lọ́ríìkì ásíìdì, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì inú òróró, tó pọ̀ nínú àdín ló fà á tó fi ń hó.

Nínú ìlànà 12 tí Paul Anastas àti John Warner gbé kalẹ̀ ní 1998 fún kẹ́místírì tí kò ba àyíká jẹ́, ọ̀kan ní kí á lo ohun tó ń hù padà, òmíràn ní kí á má fi agbára ṣòfò. Èèpo mi yege nínú ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni wàhálà wà. Mo wọn igi ìdáná, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí mo ń kọ fún jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, àwọn òǹkàwé á rò pé ọ̀fẹ́ ni eérú.

Jọ́nà kan kọ ìmeèlì sí mi pé ọjọ́ mélòó kan làwọn á fi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n ṣáà sanwó. Ta ló fẹ́ ka iṣẹ́ kẹ́místírì, kó bèèrè ìbéèrè, kí n sì dáhùn, láàárín ọjọ́ mélòó kan? Mo wá a nínú DOAJ, àkójọ orúkọ jọ́nà ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Sweden ní 2003. Kò sí níbẹ̀. ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ inú rẹ̀ dára. Mo yan jọ́nà mìíràn tí mo mọ iṣẹ́ àwọn olóòtú rẹ̀ lórí AJOL, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Gbogbo ohun tí mo wọ̀n, títí kan eérú tí kò lágbára, mo kó o sórí Zenodo, ibi ìkópamọ́ iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùyẹ̀wò kan tí jọ́nà náà fún ní iṣẹ́ mi kà bèèrè bí iná náà ṣe gbóná tó. Mo yá tẹmómítà, mo sì padà lọ sọ́dọ̀ oníbọ̀lì fún èèpo sí i.