Bí a ṣe ń fa phenytoin sínú iṣan láìṣe aláìsàn léṣe

Gìrì tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5 láìdáwọ́ dúró, pàjáwìrì ni. Ẹ tọ́jú ọ̀nà èémí, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, ló sábà máa ń ṣáájú. Kó má yára ju 5 mg lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí báàgì Ambu (èyí tí a fi ń fẹ́ èémí sínú aláìsàn) sì wà nítòsí, torí ó lè dín èémí kù. Phenytoin, oògùn gìrì mìíràn, ló máa ń tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé bóyá aláìsàn ti ń lo phenytoin tẹ́lẹ̀. Bó bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó po nǹkan kan.

Ká ní dókítà kọ 20 mg fún kílò kan, àgbàlagbà náà sì wọn kílò 60: 1,200 mg nìyẹn. Ámpù kan jẹ́ 250 mg nínú 5 ml, nítorí náà 24 ml lẹ máa fà. Kí nọ́ọ̀sì kejì fúnra rẹ̀ tún un ṣírò. Kó má kàn mi orí. Ẹ fi 126 ml omi iyọ̀ 0.9% sínú soluset (ike alámì ìwọ̀n tó wà lórí okùn omi), ẹ da oògùn sí i, ó di 150 ml. Ẹ má lo omi ṣúgà rárá, phenytoin á dì nínú rẹ̀. Bó bá ṣe kurukuru, ẹ dà á nù. Ẹ fi fílítà sójú okùn.

Iṣan ńlá lápá ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ fi 10 ml omi iyọ̀ dán kánnúlà (ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú iṣan) wò. Bí oògùn yìí bá jò sínú ẹran ara, ó ń jó o bí omi eérú. Apá á wú, á sì di elésè àlùkò, nígbà míì lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Kò gbọdọ̀ ju 50 mg lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fún arúgbó tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dáa, ẹ dín in sí ìdajì tàbí kó kéré jùyẹn. Ní Ìkòròdú, tí iná bá lọ tí bátìrì pọ́ńpù oògùn náà sì kú, ẹ má ka ẹ̀kán, ojú àmì soluset ni kẹ́ ẹ máa wò: fún ẹni kílò 60 yìí, tí kì í ṣe arúgbó, tí ọkàn rẹ̀ sì dáa, 25 ml ní ìṣẹ́jú márùn-márùn á parí ní ìṣẹ́jú 30. Ìyá aláìsàn lè máa bẹ̀ yín pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó yára." Ẹ dá a lóhùn pé, "Màmá, tó bá yára, ọkàn rẹ̀ lè dúró."

Ẹ wo ìfúnpá ní ìṣẹ́jú márùn-márùn, kí ECG, ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, wà lára rẹ̀. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀ tàbí ọkàn ń lù díẹ̀díẹ̀, ẹ ti okùn pa, ẹ pe dókítà. Tó bá parí, ẹ fi omi iyọ̀ fọ okùn, ẹ kọ àkókò àti iṣan tẹ́ ẹ lò sí ṣáàtì, kí àwọn tó gba iṣẹ́ lè máa wo apá náà.