Bí Mo Ṣe Ka Kòkòrò Orí Ilẹ̀ Nínú Oko Tó Gba Oògùn

Nígbà tí a gbin àgbàdo, apá kan oko nìkan ni a da oògùn apakòkòrò oníwóro tó ní imidacloprid sí. Mo wá fẹ́ mọ bó ṣe rí fún àwọn kòkòrò tó ń bá àgbẹ̀ pa ajẹ̀gbìn.

Ife oníke ni mo fi ṣe ìdẹ. Mo gbẹ́ ihò, mo ki ife bọ̀ ọ́, mo fi erùpẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: bí ẹnu ife bá yọ sókè díẹ̀, ọ̀bọ̀nbọ̀n á kàn yà fún un ni. Mo bu omi ọṣẹ sí i, mo sì fi pátákó bò ó, òkúta ló gbé e ró, kí òjò má baà kún un. Mo jìnnà sí ààlà apá méjèèjì, torí kòkòrò ò mọ ààlà.

Láàárọ̀, mo sẹ́ ohun inú ife, mo sì ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀bọ̀nbọ̀n, èèrà, aláǹtakùn (kì í ṣe kòkòrò ní tòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe). Ọ̀bọ̀nbọ̀n apá tó gba oògùn kò tó ti èkejì. Síbẹ̀, mi ò gba ife nìkan gbọ́. Ohun tó ń rìn ló ń já sí i: èyí tí oògùn mú tó ń rìn bí ọ̀mùtí lè já sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó ti rọ lẹ́sẹ̀ kò sì ní débẹ̀ rárá. Mo wá lẹ ẹyin kòkòrò mọ́ páálí, mo fi sílẹ̀ mọ́jú ní apá méjèèjì, kí n lè mọ iye tí àwọn kòkòrò tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ máa jẹ. Níbi tó gba oògùn, ẹyin tó ṣẹ́kù ló pọ̀ jù. Èyí ni mo gbà gbọ́.

Kì í ṣe inú ilẹ̀ nìkan ni irú oògùn yìí ń gbé. Omi ń yọ́ ọ, gbòǹgbò á sì fà á sókè. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2015, ìgbín aláìníkarahun jẹ ẹ̀wà sóyà tó gba thiamethoxam, oògùn tó bá imidacloprid tan, kò kú. Ọ̀bọ̀nbọ̀n tó jẹ ìgbín náà ló ń rọ tàbí tó ń kú, ìgbín wá ráyè jẹ ẹ̀wà náà. Ìkórè dín ní 5%.

Ife kò lè sọ ti oyin, bẹ́ẹ̀ inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà oyin ń gbé. Ní Ontario, ní Kánádà, ìwádìí tó jáde ní 2021 fi hàn pé imidacloprid tí wọ́n dà sílẹ̀ mú kí ìtẹ́ oyin elégédé (oyin tó ń lọ sí òdòdó elégédé) dín ní 85%. Ìdí nìyẹn tí mo tún fi ń rin àárín poro, tí mo ń wá ihò tí erùpẹ̀ tuntun yí ẹnu rẹ̀ ká. Mo máa ń dúró wo èyí tí oyin wọ̀ kí n tó kà á, torí èèrà náà ń kó erùpẹ̀ síta.