Owó hòtẹ́ẹ̀lì tí mo fi jẹ àmàlà: bí mo ṣe yàn láàárín Ìdànrè àti Adó-Àwáyè

₦60,000. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye ẹ̀ kí inú mi tó rọ̀, torí tí inú mi bá ti rọ̀, mi ò ní lè sọ ọ́ bó ṣe dùn mí tó. ₦60,000 ni mo fi ránṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ísẹ́yìn, yàrá méjì, alẹ́ méjì, àsansílẹ̀, láì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n béèrè. Ìbéèrè ọ̀hún ò le rárá. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká sùn síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ látọdún tó kọjá. A lọ sí etí òkun l'Ékòó, iye tí a ná mi ò fẹ́ rántí ẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú yàrá wọ́n ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àkọ́bí ti pé ọdún 17, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ WAEC tán, ó ti rò pé òun náà ti di bàálé ilé. Èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin, ọdún 15, kò sóhun téèyàn ṣe tó wù ú. Àbígbẹ̀yìn jẹ́ 13, ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti kọ̀ lòun náà ń kọ̀. Mo wá sọ pé lọ́dún yìí, òkè la máa gùn, torí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àpáta, fóònù wo ló fẹ́ tẹ̀? Bàbá wọn ní ibi tó bá ti wù wá ni ká lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ á mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé epo mọ́tò nìkan lòun máa san.

Ìlú méjì ló wà lọ́kàn mi. Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ sí ibẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 25 lọ, àti Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ìbàdàn là ń gbé. Èèyàn ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Adó ló sún mọ́ wa, Ìdànrè ó di ká gba Ifẹ̀, ká gba Iléṣà, ká gba Àkúrẹ́ kó tó kàn án. Adó tún ní adágún omi Ìyàkẹ́, omi tó dúró sórí àpáta lókè téńté, bí ẹni pé ẹnì kan gbé abọ́ omi sórí àjà. Mo rí fọ́tò ẹ̀, ó parí. Mo ní ibi tó sún mọ́ni ni owó ẹ̀ máa kéré. Mi ò rí hòtẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú Adó fúnra ẹ̀, mo bá mú ti Ìsẹ́yìn, mo sanwó, mo ju rísíìtì sínú WhatsApp ilé wa, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ọjọ́ kẹta ni mo pe bàbá tó ń hun aṣọ òkè fún wa n'Ísẹ́yìn. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ni mo torí ẹ̀ pè, mo kàn fi kún un pé à ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn o, a fẹ́ gun òkè Adó, a máa sun alẹ́ méjì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní, "Ìyá ìyàwó, láti Ìbàdàn ibẹ̀ yẹn náà? Alẹ́ méjì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun ni?" Wọ́n ní látìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65 péré ni, àwọn ará Ìbàdàn máa ń wá láàárọ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á sì lọ sùn nílé wọn. Mo ní ẹ ṣeun bàbá. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ gbọ́, ohun tí mi ò rò nìyẹn. Àgbàlagbà lè wà lójú kan kó máa fẹ́ atẹ́gùn fọ́jọ́ méjì, ọmọ ọdún 15 ò lè ṣe é. Tó bá ti rí òkè yẹn tán láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ojú tó máa fi wò yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ máa fẹ́ sá kúrò nílé. Ìdànrè tó jìnnà gan-an ló yẹ ká lọ sùn, Adó tó wà nítòsí ká lọ ká bọ̀. Mo ti gbé e sódì.

Mo ní kò burú, mo máa gba owó mi padà, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ha!

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù wọn dáhùn dáadáa. "Ẹ káàsán Mọ́mì, kò sí wàhálà mà, ẹ fi àkáǹtì nọ́ńbà yín ránṣẹ́." Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, àláẹ́ẹ̀tì kankan ò wọlé. Mo pè padà, ó ní máníjà ló máa fọwọ́ sí i, máníjà sì lọ sìnkú. Mo bá wọn kẹ́dùn. Àfi bí ẹni pé mo mọ òkú! Máníjà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun ò lè dá owó padà fúnra òun, àfi kí ọ̀gá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ńkọ́? Ọ̀gá wà l'Ábújá. Nọ́ńbà ọ̀gá ńkọ́? Ọ̀gá kì í gbé nọ́ńbà tí ò bá mọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo fẹ́ pè, kó lè mọ nọ́ńbà mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín o." Ẹ̀rín kẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé owó tí ẹ bá ti san kò ṣeé dá padà. Mo fẹ fọ́tò yẹn lójú. Ògiri ti pupa fún eruku, kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti ká, bébà yẹn nìkan ló funfun bíi eyín ọmọ tuntun. Mo pè é, mo ní, "Ọmọ mi, bébà yìí, àná lẹ lẹ̀ ẹ́." Ó dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú." Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, torí kò purọ́ sí i, àmọ́ owó mi ò ì jáde.

Gbogbo ìgbà yìí, ọlidé ń lọ. Oṣù kẹjọ ti ń parí lọ, ẹ sì mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án, ìwé orúkọ ohun tí wọ́n máa rà fún iléèwé ló máa kù nílẹ̀. Mi ò fẹ́ san ti Ìdànrè kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó àkọ́kọ́ máa já sí, mi ò sì fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ bàbá wọn torí á béèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ó kúkú ti mọ̀. Àbígbẹ̀yìn ti sọ fún un.

Bàbá aláṣọ òkè ló gbà mí. Mi ò rán wọn níṣẹ́, mo kàn ṣàròyé sí wọn létí ni, àfi bí wọ́n ṣe gun ọ̀kadà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó síwájú máníjà, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò. Àgbà ìlú lẹ́nu géètì, ta ló fẹ́ lé e? Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ọ̀gá Àbújá tí kì í gbé fóònù ti gbé e. Owó ò jáde o. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé wọ́n máa mú ìdajì, ìdajì tó kù, ₦30,000, mo lè wá fi jẹun lọ́dọ̀ wọn nígbàkígbà kọ́dún tó parí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n lù ú.

Ti Ìdànrè, wákàtí kan péré ni mo fi ṣe é, torí mo ti gbọ́n. Ṣe ni mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sanwó, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, ká lè mọ̀ bóyá ẹni tó gbé fóònù lálẹ́ mọ nǹkan tí tàárọ̀ sọ. Mo béèrè aago tí wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ àti aago tí wọ́n máa ń pa á, torí àwọn ọmọ tèmi, tí fóònù bá kú, àwọn náà ti kú nìyẹn. Owó alẹ́ kan ni mo san, mo ní tá a bá dé mo máa san ìkejì. Wọ́n gbà. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe látọjọ́ yìí!

Ìrìnàjò yẹn ò ní ìtàn, ẹ ṣáà mọ ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà.

Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Àkọ́bí mi sáré gùn ún bí ẹni pé wọ́n ń lé e, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní máa lọ, olóyè. Mo bá a níbi ìsinmi kẹta tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó na ẹsẹ̀, iṣan ti fà á. Mo kí i, mo sì kọjá. Ọdún 47 ni mí o, mo dé òkè ṣáájú ẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀, mo sì ti fi ṣe èyí tó wà lójú WhatsApp mi títí dòní.

Ohun tí mi ò retí ni ti ọmọbìnrin mi. Ẹ ti mọ̀ pé ìlú odindi ló wà lókè yẹn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀ lọ́dún 1923. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 wà. Ó dúró níwájú iléèwé yẹn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé gbogbo páànù yìí, orí ni wọ́n fi rù ú dé ibí?" Mo ní kí ni wọn ì bá tún fi rù ú? Ó jókòó síbẹ̀, kò gbé fóònù jáde fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mi ò sọ̀rọ̀, kí n má bàa bà á jẹ́. Níbi Ẹsẹ̀ Agbógun, ojú ẹsẹ̀ kan nínú àpáta tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, àbígbẹ̀yìn ti tiẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu, bàbá wọn tó ń wọ bàtà 45 ti tiẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n lóun náà bá a mu. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ títí a fi délẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò rọ̀, àpáta ń yọ̀, kò sẹ́ni tó máa gùn ún. Torí pé a sùn síbẹ̀ ni kò fi ká wa lára. A dúró kí oòrùn gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin tún padà lọ torí ibi tí iṣan ò jẹ́ kí wọ́n rí lánàá. Ká ní ẹni tó lọ tó fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà ni wá, òjò yẹn ni ì bá jẹ gbogbo owó epo.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Sátidé, a lọ sí Adó. Mi ò ní parọ́, ká ní fọ́tò nìkan lẹ ń wá, Adó ju Ìdànrè lọ. Àtẹ̀gùn tibẹ̀ 369 ni wọ́n pè é, àbígbẹ̀yìn kà á ó ní 371, amọ̀nà wa ní kó padà lọ kà á, ó kọ̀. Àpáta Ìṣàgé tó dúró lórí ìdagẹ̀rẹ̀ tí kò yí lulẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ yàwòrán bí ẹni tó ń fọwọ́ tì í. Tí Ìyàkẹ́ bá yọ sí yín, ẹ máa dákẹ́ ni. Wọ́n ní kò nísàlẹ̀, wọ́n ní ayé mìíràn ló jáde sí. Àkọ́bí fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀, amọ̀nà wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọ bàtà ẹ̀ padà. Aago méjìlá ò tíì lù tá a fi ti sọ̀kalẹ̀. Bàbá aláṣọ òkè ò purọ́.

Ká ní mo máa tún un ṣe, Adó ni màá kọ́kọ́ mú wọn lọ kí iṣan wọn mọ ohun tó ń bọ̀, Ìdànrè lẹ́yìn ẹ̀. Aago méje ni màá ti wà lẹ́sẹ̀ òkè, aago mẹ́sàn-án tá a lọ ti pẹ́ jù, oòrùn bá wa lágbede méjì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ sílípáàsì, kódà tó bá ní ti olówó ńlá ni. Kí kálukú gbé omi ẹ̀ fúnra ẹ̀, torí èmi ni mo gbé ti gbogbo wọn n'Ídànrè, àyà ń dùn mí títí dọjọ́ kejì.

A kọrí sí Ìsẹ́yìn. Mo gbé bébà olóǹtẹ̀ lé tábìlì. Ọmọbìnrin orí fóònù yẹn ló jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ dáadáa ni, bébà wọn ṣì wà lára ògiri, ó ti ń dọ̀tí díẹ̀díẹ̀. A jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran ewúrẹ́, àkọ́bí ní kí wọ́n tún bù sí i. Mo ní kí wọ́n gbé abọ́ kan fún bàbá aláṣọ òkè, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó gba ẹjọ́. Mo ṣírò ẹ̀, ó kù ₦1,800. Máníjà ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀ de ìgbà mìíràn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní máàtì. Ó ní máàtì ò tutù.

Mo ní kó gbé e wá bẹ́ẹ̀.