Ẹ̀wà tó kọ̀ tí kò jinná: ìrírí mi ní Estes Park

Màámi ti ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní Ṣómólú kí wọ́n tó bí mi. Ìdí nìyí tó fi dùn mí wọra pé ẹ̀wà gan-an ló kọ̀ fún mi nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019.

Ìlú kékeré ni Estes Park, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lẹ́nu ọ̀nà Rocky Mountain National Park, ọgbà ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1915 láti dáàbò bo òkè, igbó àti ẹranko ibẹ̀. Físà J-1 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ni mo gbà. Mo san dọ́là 35 fún SEVIS, àkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń mọ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò, àti 160 fún físà, fọ́ọ̀mù DS-2019, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà mí sínú ètò náà, sì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent, l'Ékòó, ìdájí ni mo wọ dánfó, a sì ti sọdá Third Mainland kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí UNILAG máa wọlé padà ni wọ́n bi mí jù. Mo fi lẹ́tà hàn wọ́n, ó parí.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ṣiṣẹ́, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń fọ ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn kan péré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, orí ń fọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ òkun ni wọ́n bí mi sí. Estes Park sì ga ju òkun lọ ní mítà 2,293. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Wọ́n ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n má sáré. Ó tó ọjọ́ márùn-ún kí ara mi tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi àkọ́kọ́, mo ra ẹ̀wà olójú dúdú, mo gbé e kaná. Wákàtí méjì kọjá, ó ṣì le. Mo bu omi sí i. Ó di wákàtí mẹ́ta, awọ rẹ̀ ti ń bó, inú rẹ̀ kò rọ̀. Mo pe Màámi. Ọ̀gànjọ́ òru ni l'Ékòó, torí wákàtí méje ni Èkó fi ṣáájú ibẹ̀.

“Ṣé iná náà ń jó dáadáa?”

“Ó ń jó, Mà. Omi ń hó yàà.”

“Ẹ̀wà àtijọ́ ni wọ́n tà fún ọ. Fi kánún díẹ̀ sí i.”

“Ibo ni mo ti fẹ́ rí kánún níbí, Mà?”

Alásè òtẹ́ẹ̀lì wa ló là mí lọ́yẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń yá láti hó. Ní Ṣómólú, omi á gbóná dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó hó. Ní Estes Park, nǹkan bíi 92 ló ti ń hó, kò sì ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Mo wá rẹ ẹ̀wà mìíràn sómi mọ́jú, mo da omi náà nù, mo bu sódà àwọn oníkéèkì díẹ̀ sí i dípò kánún, mo dé ìkòkò pa. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó rọ̀ bọ̀tọ̀. Ara Màámi balẹ̀.

Lóṣù Keje, èmi àti àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gba Trail Ridge Road, ọ̀nà ọkọ̀ inú ọgbà náà tó ga ju òkun lọ dé mítà 3,713. Ó dé ibì kan tí igi ò lè hù mọ́. Òjò dídì ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà! Àwọn ewéko ibẹ̀ ò ju ìka lọ, a kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ wọ́n, torí èyí tí ẹsẹ̀ bá pa lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù padà. Ní Milner Pass, lójú ọ̀nà náà, òkè pín omi sí méjì: apá kan ń ṣàn lọ sí Pàsífíìkì, èkejì sí Àtìláńtíìkì. Mo dúró pẹ́ ní apá ti Àtìláńtíìkì, torí òkun wa nìyẹn.

Àbúrò mi ti ní kí n mú òkúta òkè bọ̀ fún òun. Òfin ọgbà náà kò gbà á, mo sì fara mọ́ ọn. Fọ́tò ni mo mú bọ̀. Nígbà tí mo délé, Màámi wo gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí n fi ibi tí mo ti se ẹ̀wà han òun.