Ọjọ́ 25 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣètò: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹbí lọ ṣe Kérésì ní London

Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù kọkànlá báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹbí ṣètò ìsinmi ní London, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń dáhùn ṣáá, ìyàwó mi ní ohùn mi ti ń jọ ti ẹ̀rọ tó máa ń pariwo "mind the gap" ní stéṣọ̀n. Ó ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n gbádùn. Mi ò ní sọ ti físà, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìyẹn ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi Kérésì ọdún yìí sílẹ̀, ẹ máa múra tọdún tó ń bọ̀.

1. Kẹ́ ẹ rò pé London ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì.

Kì í ṣiṣẹ́ o. Èyí ni mo máa pariwo lé lórí jù, ẹ bá mi mú sùúrù. Lọ́jọ́ 25 oṣù kejìlá, kò sí Tube, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí Elizabeth line àti DLR, táwọn náà jẹ́ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sáwọn ìlú míì náà ò sí. Mi ò sọ pé wọ́n dínkù o, mo ní KÒ SÍ. Wọ́n á ti géètì stéṣọ̀n pa. Oxford Street táwọn èèyàn ń fi èjìká gbára wọn níbẹ̀ lánàá á wá pa lọ́lọ́ bí ọjà tí wọ́n ti ná tán. Tí mo bá sọ ọ́ fáwọn èèyàn, wọ́n á ní "ìlú ńlá bẹ́ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ìlú ńlá bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dun èèyàn jù ni ti bàálù. Ẹ máa rí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 25 gangan, owó rẹ̀ á dín ju tàwọn ọjọ́ tó ṣáájú lọ, ẹni tó bá rí i á fò mọ́ ọn, á ní òun ti gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Bàbá kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó kó ìyàwó, ìyá ìyàwó àtàwọn ọmọ, ó balẹ̀ sí ẹ́pọ́ọ̀tù Stansted láàárọ̀ Kérésì, ló bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, a ò rí ibi tí wọ́n ti ń wọ Tube." Ẹ gbọ́, Tube ò tiẹ̀ dé Stansted lọ́jọ́ kankan nínú ọdún! Ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 60 sí àárín London, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa ń wọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ò sì sí lọ́jọ́ yẹn. Kóòṣì díẹ̀ lè wà, àmọ́ àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ló ni ín. Ìyá àgbà ti jókòó sórí àpótí, àwọn ọmọ ti ń sunkún, takisí tó wá gbé wọn gba owó tó ju gbogbo ohun tí wọ́n rí tọ́jú nínú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ. Mi ò sọ nǹkan kan lórí fóònù. Mo kan ń mí kanlẹ̀.

Bó ṣe rí pẹ̀lú ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí nìyẹn. Ẹ máa gba ilé ní Croydon torí pé ó dínwó, ó dáa, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ tún wá lọ gba tábìlì oúnjẹ ọ̀sán Kérésì sí Covent Garden láàárín ìlú. Báwo lẹ ṣe fẹ́ débẹ̀? Ó tó kìlómítà 15! Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ọmọ kékeré àti bàtà tuntun? Black cab, takisí dúdú ti London, wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń fi owó kún un nígbà ọdún, tẹ́ ẹ bá sì ṣí áàpù takisí, iye tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ tún ojú nù.

Ọjọ́ 25 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kẹ́ ẹ tó mú òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ bi ara yín pé lọ́jọ́ yẹn, kí la lè fẹsẹ̀ rìn dé? Ìdí tí mo fi máa ń fi àwọn ẹbí sí Paddington tàbí Bayswater nìyẹn. Hyde Park, ọgbà ńlá tó wà nítòsí ibẹ̀, ò tì, tẹ́ ẹ bá sì tètè jí, ẹ máa bá àwọn ará Serpentine Swimming Club lẹ́bàá adágún omi, wọ́n ń fi ìwẹ̀ odò díje fún ife ẹ̀yẹ Peter Pan Cup. Látọdún 1864 ni wọ́n ti ń bẹ́ sómi tútù yẹn láàárọ̀ Kérésì, inú àwọn ọmọdé sì máa ń dùn bí wọ́n bá ń wo àgbàlagbà tó ń gbọ̀n. Ilé oúnjẹ àwọn Lárúbáwá lójú Edgware Road máa ń ṣí, ti Chinatown náà. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́, ẹni tó wá sin Ọlọ́run kì í sanwó ní Westminster Abbey àti St Paul's, ẹni tó wá wòran ló ń sanwó. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìsìn tẹ́ ẹ fẹ́ ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sílẹ̀.

2. Kẹ́ ẹ gbàgbé ọjọ́ 24 àti 26. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, ọkọ̀ ojú irin máa ń tètè parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ 26, Tube á padà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń jáde kúrò ní London ò ní ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tún máa ń tú ojú irin ṣe. Ẹ má ṣètò pé ẹ ń lọ Oxford tàbí Bath lọ́jọ́ náà.

3. Músíọ̀mù. British Museum, Natural History Museum, Science Museum, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì máa ń tì lọ́jọ́ 24, 25 àti 26. Tower of London náà tì. Àwọn èèyàn á fi 22 àti 23 rìn kiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wá ní "ọ̀la la máa kó àwọn ọmọ lọ wo egungun dinosaur." Ó ti tán nìyẹn.

4. Oúnjẹ ilé. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 ló ní ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ ju 280 square mítà lọ ò gbọ́dọ̀ ṣí lọ́jọ́ Kérésì, kì í ṣe pé ọ̀lẹ ń mú wọn. Ẹ ra mílíìkì, búrẹ́dì àti páḿpásì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24. Lọ́jọ́ Sunday, wákàtí mẹ́fà péré làwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá lè fi tajà.

Òkùnkùn ńkọ́? Oòrùn ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá jí laago mọ́kànlá, ẹ ti jẹ ọjọ́ náà tán.

Ó tún ku ti káàdì tí wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ géètì láti sanwó ọkọ̀ yìí, èyí náà máa ń bí mi nínú. Bàbá á mú káàdì báǹkì kan ṣoṣo, á fi kan ẹ̀rọ fún ara rẹ̀, á wá fẹ́ fi kàn án fún ìyá, géètì á kọ̀, èrò á to sẹ́yìn wọn, wọ́n á wá máa kanra. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ló máa ní káàdì tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi fóònù wọlé, ẹ fi fóònù jáde, ẹ má fi fóònù wọlé kẹ́ ẹ wá fi káàdì jáde, ojú èèyàn méjì ni ẹ̀rọ máa fi wò yín, á sì gbówó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ méjèèjì bó tiẹ̀ jẹ́ báǹkì kan náà. Ọmọ tí ò tíì pé 11, ọ̀fẹ́ ni, àgbàlagbà kan lè mú mẹ́rin wọlé sí Tube. Èyí tó wà láàárín 11 sí 15, ẹ ra Oyster, káàdì tí wọ́n ń fi sanwó ọkọ̀ ní London, fún un, kẹ́ ẹ ní kí òṣìṣẹ́ stéṣọ̀n fi Young Visitor discount, ẹ̀dínwó ọmọ tó wá ṣàbẹ̀wò, sí i, ìlàjì owó lá máa san fún ọjọ́ 14. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín tẹ́ ẹ ò bá béèrè.

Àwọn ọlọ́gbọ́n á ní àwọn á kúkú háyà mọ́tò. Lóòótọ́, Congestion Charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín ìlú, ò sí láti 25 títí dé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Àmọ́ ọjọ́ 25 nìkan ni ULEZ, owó èéfín mọ́tò, máa ń sinmi, £12.50 lójúmọ́ ni fún mọ́tò tí èéfín rẹ̀ ò bá òfin mu, ẹ ò sì tíì wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí.

Ẹ má dúró de yìnyín. Òjò ló máa rọ̀, bàtà tí omi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Báńgà (fireworks) ọdún tuntun tí wọ́n ń yìn létí odò Thames, tíkẹ́ẹ̀tì ni, ó sì máa ń tètè tán. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ pàdé lójú títì.

"A máa kàn yà sí Paris lọ́jọ́ Kérésì." Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Paris, ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 25, físà UK ò sì lè gbé yín wọ Faransé, físà Schengen ni tibẹ̀.

Èyí tó kù ni tàwọn tó ń tọ́jú rìsíìtì. Ẹnì kan kó rìsíìtì jọ sínú àpòòwé, ó to gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó ní òun fẹ́ gba VAT, owó orí tó wà lórí ọjà, padà ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Wọ́n ti fòpin sí ìyẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ọjà tẹ́ ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù London tẹ́ ẹ gbé sínú báàgì, kò sẹ́ni tó máa dá kọ́bọ̀ padà fún yín lórí ẹ̀. Iye tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀wù yẹn náà lẹ máa san, tó bá ti wọ́n jù, ẹ fi kọ́ ibi tẹ́ ẹ ti mú un.