Bí Ẹ Ó Ṣe Mú Yèyé Yín Gun The Shard ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ti Iléṣà lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà Peckham nìkan ni wọ́n mọ̀ títí wọ́n fi padà. Ó máa ń dùn mí. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ mú wọn gun The Shard, ilé gogoro tí èèyàn ti lè wo Lọ́ńdọ̀nù látòkè. Mo mú Yèyé tèmi lọ, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ń kọ àkókò tí ẹ ó gòkè sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí kùrukùru bá bo ìlú, ẹ ò ní rí nǹkan kan lókè.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin London Bridge ló wà. Ẹ dúró níta kí wọ́n wòkè. Mítà 310 ni. Èyí ò yé Yèyé mi, àfi ìgbà tí mo mẹ́nu ba Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa: ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ bíi bàbá wọn, tó dáko lọ́nà Ìpetu, ló wà nínú ẹ̀. Mítà 105 nìyẹn. Ẹ to mẹ́ta irú rẹ̀ léra, á fi díẹ̀ ga ju The Shard lọ.

Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Renzo Piano, ará Ítálì, ló ya àwòrán ilé náà. Ọ́fíìsì ló wà nísàlẹ̀ títí dé àjà 28. Ilé oúnjẹ tẹ̀ lé e, hòtẹ́ẹ̀lì wà láti 34 dé 52, lẹ́yìn náà ilé gbígbé. Àjà 68 sí 72 ni wọ́n ṣí fún aráyé ní oṣù Kejì ọdún 2013. Yèyé gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ta ní ń gbálẹ̀ ibẹ̀?" Ìbéèrè àgbà ni. Àìmọye ọmọ wa ló jẹ́ pé gbígbá ọ́fíìsì ní kùtùkùtù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má fi pa mọ́ fún wọn.

Wọ́n á yẹ àpò wò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ẹrù ńlá sílé. Lífítì méjì ni: ẹ ó bọ́ sílẹ̀ ní 33, ẹ ó wọ èkejì dé 68. Etí á di, torí agbára afẹ́fẹ́ ń dínkù bí ẹ ṣe ń gòkè. Ẹ fún wọn ní suwíìtì kí lífítì tó gbéra, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì.

Lókè, ẹ má sáré ya fọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ́ bí ọ̀kùn. Lẹ́yìn náà odò Thames, afárá Tower Bridge tó ti wà láti 1894, kí ẹ wá fi òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's hàn wọ́n ní òdìkejì odò. Ibi odò yẹn ni Yèyé mi pẹ́ sí jù. Mo jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Àjà 69 tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Àtẹ̀gùn ló lọ sí 72, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dé ibẹ̀, kí wọ́n wọ súwẹ́tà, kí wọ́n fi ìborùn dípò gèlè.

Ẹ fi fóònù pe ilé látòkè, kí àwọn tó wà ní Iléṣà rí ohun tí Yèyé ń rí. Láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, ti Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú.