Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó yín lórí odò tí táìdì ń wọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, ó ti sú mi kí n máa wo owó olówó tó ń wọnú ẹrẹ̀.

1. Ẹ má tọ́ omi wò kẹ́ ẹ wá ní táìdì, ìyẹn kíkún àti fífà omi òkun lójoojúmọ́, ò dé bẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù! Omi ò níyọ̀, ó dáa, kí ló kan táìdì? Òkun á kún lẹ́nu odò, á dí omi odò lọ́nà, omi odò á wá máa ga sókè, gíga yẹn lá máa rìn lọ sí òkè odò nígbà tí iyọ̀ ti dúró sẹ́yìn tipẹ́. Odò Amazon lágbára débi pé omi iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ráàyè wọ ẹnu ẹ̀, síbẹ̀ táìdì ń dé ìlú Óbidos ní Brazil, nǹkan bíi 800 kìlómítà sí òkun. Ti Hudson ní Amẹ́ríkà, ìsédò tó wà ní Troy ló dá a dúró, omi ibẹ̀ ò sì níyọ̀ rárá. Mo rí ọkùnrin kan tó so ọkọ̀ tuntun mọ́ èbúté, ó fa okùn ẹ̀ le bí ọṣán gángan, mo ní kó tú u díẹ̀, ó ní omi dídùn mà ni. Nígbà tí omi fà, ọkọ̀ rọ̀ sórí okùn, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin tó so okùn mọ́ já tòun ti pákó, ẹ́ńjìnnì bọ́ sómi. Bẹ́ẹ̀ ara òpó èbúté yẹn ń sọ̀rọ̀: ibi tí ẹrẹ̀ àti nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn parí sí, ibẹ̀ lomi ń gùn dé.

2. Àkókò táìdì etíkun kì í ṣe ti òkè odò. Ó máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ́ kó tó débẹ̀, omi sì máa ń yára kún, á wá fà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.

3. Ti àná kọ́ ni ti òní, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bíi 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i.

Omi kún tán ò ní kó dúró o, ó lè ti máa lọ sílẹ̀ lára òpó kó ṣì máa ṣàn lọ sókè odò. Bí òjò ńlá bá sì rọ̀ lókè, omi lè má yí padà rárá, á kàn ga ni, á ṣì máa lọ sókun, ẹni tó ń retí kí táìdì gbé òun lọ á jó epo tán.

Ẹ ṣọ́ra tóṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, omi máa ń kún jù nígbà yẹn. Tí ìdí ọkọ̀ yín bá kanlẹ̀ tó sì há nígbà tó kún dé góńgó, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kómi tó gbé yín.

Ìdákọ̀ró ńkọ́? Okùn tó tó yín nígbà tómi fà á kúrú tómi bá kún, ọkọ̀ á máa wọ́ ìdákọ̀ró kiri, tí omi bá sì yí padà, ọkọ̀ náà á yí, torí náà ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó jù ú.